Datsun Funfun, Mazda Pupa

Ọkọ̀ méjì ló mú Fisáyọ̀mi àti Fáníyì pàdé. Ọ̀kan jẹ́ Datsun funfun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkúnlé, bàbá Fisáyọ̀mi, rà ní Amẹ́ríkà nígbà tó ń kàwé lọ́hùn-ún, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá sílé nígbà tó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Èkejì jẹ́ Mazda pupa kan tí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà yunifásítì kò mọ̀ nípa rẹ̀, títí di ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ ní àdúgbò Lágeèrè. Ó ní òun kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Amẹ́ríkà. Kó tó yí ọrùn, ọkọ̀ ti kọjá. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí etí ọmọ rẹ̀ sinmi mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Orúnkún kò jẹ́ kó lè wakọ̀ mọ́. Fisáyọ̀mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló máa ń gbé Datsun náà jáde ní ọjọ́ Sátidé kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má baà kú. Ẹnjiníà ni Fisáyọ̀mi, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ yunifásítì, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Mojíre, kì í wá sílé wọn kó má béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ dé. Fisáyọ̀mi a rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sẹ́yìn ilé lọ bá ọkọ̀.

Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì títí tí ọ̀kan fi sọ fún un pé Fáníyì ni ẹni tó ni Mazda, pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Ògbò, ilé bàbá rẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí Fisáyọ̀mi débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá bàbá kan lórí àga níwájú ilé. Ojú bàbá náà là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wo nǹkan kan. Ó kí Fisáyọ̀mi ní èdè Ifẹ̀, ó ní kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, pé ọmọ òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ pupa. Ó gba Fisáyọ̀mi ní àkókò díẹ̀ kó tó yé e pé ọkọ̀ ni bàbá ń sọ.

Fáníyì dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni Fisáyọ̀mi ti yọ. Ó kí i, kò dáhùn, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Nígbà tó kí i lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Fisáyọ̀mi rò pé ọkọ̀ náà ló gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ó sì wù ú pé èèyàn lè fẹ́ràn nǹkan kan dé ibi pé kò ní mọ̀ pé ẹlòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ó ní, “Bàbá mi ló rán mi. Wọ́n ní ẹ ń gbé ohun tí kò yẹ kó wà ní Ifẹ̀ kiri.”

Fáníyì rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bá òun kí bàbá náà, kó sì sọ fún wọn pé òun náà ti rí Datsun funfun kan lójú ọ̀nà yunifásítì, òun ti ń wá ẹni tó ni ín láti ìgbà pípẹ́.

Báyìí ni Fáníyì ṣe di àlejò ilé Oyèkúnlé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń bá ara wọn jà sí. Ọ̀nà kan pàtàkì ni ọkọ̀ méjèèjì fi jọra: táyà ẹ̀yìn ló ń ti àwọn méjèèjì lọ, kì í ṣe ti iwájú ló ń fà wọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Ẹni tó bá tẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ní kọ́nà, ìdí rẹ̀ yóò yí síta, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wà yóò bá ara rẹ̀ nínú igbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Datsun òun ni àgbà, nítorí sílíńdà mẹ́fà ló ní, ohùn rẹ̀ sì nípọn bí ohùn àwọn ọkùnrin tó ń gbe orin lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Fáníyì ní àgbà tó ti wúwo ni. Mazda tiẹ̀ fúyẹ́, kò sì ní písítìnì rárá. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó fi ń kùn bí agbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n a ní agbọ́n tó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Wọn a rẹ́rìn-ín títí Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fi wúkọ́.

Fisáyọ̀mi máa ń jókòó láàárín wọn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀ nínú ilé yẹn kẹ́yìn. Bí Fáníyì bá ti lọ tán, ilé á dà bíi pé wọ́n gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ìró Mazda nígbà tí kò sí Mazda nítòsí.

Òun ló pààrọ̀ bíréèkì Mazda náà fúnra rẹ̀, nítorí Fáníyì ní òun kò fọkàn tán mẹkáníìkì kankan bíi rẹ̀. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́ náà ni Fáníyì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn lọ títí. Ó kàn ní, “Fisáyọ̀, tí o bá lọ sílé, kì í wù mí kí o lọ.” Fisáyọ̀mi ní kì í wu òun náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀wàrà, níbi tí kọ́nà ti pọ̀ láàárín oko kòkó, kí Fisáyọ̀mi wa méjèèjì, kí Fáníyì náà wa méjèèjì, kí wọ́n wá sọ èyí tó dára jù láìṣègbè. Òun yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá wà nínú Datsun.

Fisáyọ̀mi ló kọ́kọ́ wa Datsun, ó sì wa Mazda tẹ̀lé e. Ó gbádùn rẹ̀. Datsun lágbára, ṣùgbọ́n a máa sún mọ́ etí ọ̀nà bí a bá yí i kíákíá, bíréèkì rẹ̀ sì ti rọ̀. Mazda ní tirẹ̀ ń gbọ́ràn; ibi tí èèyàn bá wò ló ń lọ, bíréèkì rẹ̀ sì múná. Nígbà tó kan Fáníyì, ó wa Mazda pẹ̀lú Fisáyọ̀mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ kan jáde láti inú koríko lápá ọ̀tún. Fisáyọ̀mi ti rí i láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń retí kí Fáníyì dẹ ẹsẹ̀. Kò dẹ ẹsẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ náà dé iwájú gan-an ló tó tẹ bíréèkì, ìdí ọkọ̀ sì yí, táyà kan wọ inú kòtò. Ó ní òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú Mazda ló bo ewúrẹ́ náà lójú òun, pé àbùkù ọkọ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé Mazda jáde nínú kòtò, Fáníyì bọ́ sídìí sítíárìn Datsun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Fisáyọ̀mi ń fi Mazda tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ó rí bí ọlọ́kadà kan ṣe ti ọ̀tún bọ́ sójú títì, ó sì rí bí Datsun ṣe ń lọ bíi pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí bàbá rẹ̀ fi nawọ́ gbá sítíárìn mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣe ẹ̀rín nígbà tí wọ́n dúró. Ó ní ọmọdé ń sáré jù. Ṣùgbọ́n Fisáyọ̀mi kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sinmi nínú ọkọ̀, ó fa Fáníyì sábẹ́ igi kòkó kan.

Ó ní, “Òpó Mazda kò nípọn. Mo wà á lónìí, mo rí ohun gbogbo lápá ọ̀tún. Datsun ńkọ́? Ṣé òpó tiẹ̀ náà ló bo ọlọ́kadà?”

 Fáníyì jẹ́wọ́ pé dókítà ojú ti sọ fún òun. Àrùn tó fọ́ bàbá òun lójú, tó fọ́ bàbá bàbá òun lójú, ló ti dé sára òun. Kì í dunni. Láti etí ojú ló ti ń jẹ ìríran wọlé, bí iná tó ń jẹ etí bébà, àárín ló ń kù sẹ́yìn. Oògùn tí òun ń kán sójú lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ.

Fisáyọ̀mi béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun. Fáníyì ní òun fẹ́ kó mọ òun ná, kó tó mọ àrùn òun. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má tíì sọ fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí àwọn ẹbí ti di ọ̀kan. Ó ṣèlérí pé òun kò ní wakọ̀ mọ́. Fisáyọ̀mi wo ojú náà, ojú tó dára tí kò ní àmì kankan. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ìfẹ́ ni òun ní àbí àánú. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè di ẹni tí yóò máa fa ọkùnrin lọ́wọ́. Kò rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó gbà láti dákẹ́.

Àǹtí Mojíre ni wọ́n fi ṣe alárinà. Inú rẹ̀ dùn, ó di gèlè, ó lọ sí Òkè-Ògbò láti ṣe ìwádìí bí wọ́n ti ń ṣe. Kò pẹ́ tó fi mọ̀. Àwọn ará àdúgbò kò fi pamọ́. Wọ́n ní ìdílé rere ni, wọn kì í jalè, wọn kì í jà, ojú nìkan ni wọn kì í ní dalẹ́. Ó padà wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Fisáyọ̀mi sunkún bá a pé ó ba ọ̀rọ̀ òun jẹ́, ó ní iṣẹ́ alárinà kọ́ ni kí a fa ọmọ ẹni lọ síbi tí a kò yẹ̀ wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Fáníyì, mi ò kórìíra rẹ. Ìwọ lo jẹ́ kí ilé yìí tún dùn ún gbé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Tí ojú rẹ bá lọ, òun ni yóò máa rí fún ọ. Àwọn ọmọ tí ẹ bá bí ńkọ́, ta ni yóò rí fún wọn?”

Fáníyì ní, “Bàbá, kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń mú.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú Datsun, o mọ̀ pé o ò ríran, o gbé mi. Fisáyọ̀ náà mọ̀, kò sọ fún mi. Irú ilé wo lẹ fẹ́ fi irọ́ kọ́?”

 Fáníyì dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Wọ́n ń ríra ní kọ̀rọ̀, ní ìdí ilé ìfìwéránṣẹ́, bí àwọn ọmọ ilé ìwé. Àárò rẹ̀ máa ń sọ Fisáyọ̀mi débi pé kì í lè jẹun níwájú bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ bàbá náà tó fi gbà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Fáníyì lẹ́ẹ̀kan sí i. Fisáyọ̀mi pe Fáníyì lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, tí òjò ń ṣú, ó ní kó máa bọ̀. Fáníyì ní òun ti wà lọ́nà. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, Fisáyọ̀mi gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn. Kò sí ọkọ̀ míì ní Ifẹ̀ tó ń kùn bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé Fáníyì fẹ́ fi ọkọ̀ wọlé níwájú bàbá òun, kí bàbá náà lè rí i pé kì í ṣe afọ́jú. Ó yẹ kí Fisáyọ̀mi ní kó dúró, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gun ọ̀kadà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Rọra máa bọ̀ o.”

Tíṣà kan tó ń jẹ́ Mùnírátù ń bọ̀ láti ilé ìwé, ó ṣí agboòrùn, ó ń ti ọ̀tún sọdá títì. Fáníyì kò rí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ dín eré kù kó tó gbá a. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀.

Fisáyọ̀mi lọ bá Fáníyì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Irùngbọ̀n ti hù lẹ́nu rẹ̀. Ó di irin mú, ó ń wá ojú Fisáyọ̀mi títí ó fi rí i. Ó sọ fún un pé òun ti sọ fún ọlọ́pàá pé bíréèkì ló kọ̀ lójú òjò. Lọ́yà òun ní bí ẹnjiníà kan bá lè jẹ́rìí sí i, wọ́n lè tú òun sílẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ ni kí o sọ pé bíréèkì ni. Wọn á gbà ọ́ gbọ́.”

“Bíréèkì rẹ̀ dára, Fáníyì. Èmi ni mo fi síbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìwọ ni mo ń bẹ̀. Tí mo bá ṣẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni ojú mi máa parí sí.”

Fisáyọ̀mi kò ṣèlérí, kò sì kọ̀. Nílé, Àǹtí Mojíre gbà á níyànjú pé ẹni tó kú ti kú, kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ ti ẹni tó wà láàyè mọ́lé. Bàbá rẹ̀ ní kó má lọ sí kọ́ọ̀tù rárá, kó má lọ fi orúkọ àwọn wọ́lẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń rò ó. Bí òun bá purọ́, Fáníyì yóò jáde, wọn yóò fẹ́ra, orí irọ́ náà ni wọn yóò sì máa sùn. Bí òun bá sọ òótọ́, òun ni yóò fọwọ́ ara òun pa ìyókù ojú ẹni tí òun fẹ́ràn. Ó tún ronú kan obìnrin tó ṣí agboòrùn tó ń lọ sílé rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu òun ni ì bá gbà á là.

Ó lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọkọ Mùnírátù jókòó síwájú, ọmọ wọn sùn lé e léjìká. Lọ́yà Fáníyì dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Fisáyọ̀mi. Ó jẹ́ kó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó jẹ́ kó sọ bí wọ́n ti wa ọkọ̀ méjèèjì ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú Datsun àti Mazda, èwo ni bíréèkì rẹ̀ dára jù.

Fáníyì na ọrùn, ó yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti wá.

Fisáyọ̀mi ní, “Mazda ni. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Ojú ẹni tó wà á ni kò ríran lápá ọ̀tún. Mo mọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ lórí fóònù, mo mọ̀ pé òun ló ń wà á, mi ò dá a dúró.”

 Ọkọ Mùnírátù wo Fisáyọ̀mi tààrà, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rán Fáníyì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ìgbàkigbà tí Fisáyọ̀mi bá lọ wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọn a padà wá sọ fún un pé kò fẹ́ jáde. Ó ń fi oògùn ojú ránṣẹ́ sí i, kò mọ̀ bóyá ó ń kán an. Bàbá Fáníyì kú láàárín àkókò yẹn. Fisáyọ̀mi lọ síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn èrò, kò sẹ́ni tó kí i. Nílé, bàbá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti oògùn orúnkún, kò sí ọ̀rọ̀ míì láàárín wọn. Bàbá náà ta Datsun láìsọ fún un.

Nígbà tí Fáníyì jáde, Fisáyọ̀mi lọ sí Òkè-Ògbò. Ó bá a nínú yàrá, ó ń fọwọ́ tọ ara ògiri. Kò rí ohunkóhun mọ́, àfi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Fisáyọ̀mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí ibùsùn.

 Ó ní, “Ohùn yẹn ló rán mi lọ sẹ́wọ̀n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo kórìíra rẹ lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, nígbà tí mi ò rí nǹkan kan mọ́, gbogbo èèyàn ló ń purọ́ fún mi. Wọ́n á gbé oúnjẹ tó ti kan fún mi, wọ́n á ní tuntun ni. Mo máa ń rò ó pé, tó bá jẹ́ Fisáyọ̀ ni, á sọ ọ́ bó ṣe rí.”

Fisáyọ̀mi ń sunkún, kò sì jẹ́ kó gbọ́. Ó sọ fún un pé bí ó bá ṣì fẹ́ òun, òun wà níbẹ̀.

Ó ní, “Mo pa èèyàn, Fisáyọ̀. Ìyẹn kò ní kúrò nínú ilé wa.”

“Àwa méjèèjì ni. Kò ní kúrò.”

Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, Fisáyọ̀mi sì gbà á mú. Fáníyì ní, “Mi ò lè bá ẹni tó ń purọ́ gbé. Tí o bá fẹ́ mi, ohun tó bá wà níwájú wa ni kí o máa sọ fún mi, bó ti wù kó burú tó.”

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Èèyàn kò pọ̀. Àǹtí Mojíre wá, ó di gèlè dúdú, ó ń nu ojú. Bàbá Fisáyọ̀mi kò sọ pé òun yóò wá, kò sì sọ pé òun kò ní wá. Wọ́n dúró dè é lójú àtẹ̀gùn títí akọ̀wé fi jáde wá sọ pé àwọn tó kàn ń retí.

Fáníyì tẹ̀ sí i, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ṣé bàbá ti dé?”

Fisáyọ̀mi wo ojú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan kọjá, obìnrin kan ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Àǹtí Mojíre ń mi orí sí i, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó ní wọ́n ti dé, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ì bá rọrùn. Ọkùnrin náà kò ní mọ̀, inú rẹ̀ ì bá sì dùn fún ọjọ́ kan yẹn.

Ó ní, “Rárá. Wọn kò wá.”

Fáníyì mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ó sì ní kó máa mú òun wọlé.